Ìkíni ń gba ìṣẹ́jú eré lọ́wọ́ mi: báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Aránṣọ Ouando

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, lápá Ouando, aṣọ ni mò ń rán. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé ìdí la fi ń ṣe é. Bí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, àfi kí oníbàárà wá wọn aṣọ tàbí kí ìrun kàn kí n tó dìde. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń rìn, orí irin ẹ̀rọ ló sì ń rìn sí, kò gbé mi dé ibì kankan.

Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ti fẹ́ máa ga, pé kò tíì dé orí oògùn, kí n dín iyọ̀ àti màgí kù, kí n sì máa lo ara mi. Mo ní ṣé ara tí mò ń lò látàárọ̀ yìí kò tó ni? Ó rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Kútọnu ló bá mi gbé ètò kan sórí fóònù, ti àwọn tí kò sáré rí láyé wọn. Ọ̀sẹ̀ 9 ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọjọ́ ìsinmi á sì wà láàárín. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èèyàn á fẹsẹ̀ rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 5, á wá sáré ìṣẹ́jú 1, á rin ìṣẹ́jú 1 ààbọ̀, á tún sáré, á tún rìn, títí ogún ìṣẹ́jú á fi pé. Obìnrin kan wà nínú fóònù náà tó ń fi Faransé pàṣẹ. Bó bá tó àkókò, á ní "Courez!", ìyẹn ni pé kí n sáré. Bó bá tún ṣe díẹ̀, á ní "Marchez!", pé kí n rìn. Kò mọ ẹ jọ̀ọ́, kò mọ ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n a ti mọwọ́ ara wa báyìí. Mo ti dé ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé èmi yìí lè sáré ìṣẹ́jú 5 láìdúró.

Ẹjọ́ tí mo gbé wá nìyí. Obìnrin inú fóònù yẹn ò mọ ìlú tí mo wà. Bí mo bá jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà, gbogbo àgbà àdúgbò ti wà níta. Á ní "Courez!", mo bá gbéra. Mi ò ní tíì rìn jìnnà tí Bàbá Àlùfáà tó máa ń jókòó sórí àga onírọ́bà níwájú ilé wọn á fi nawọ́ sí mi. Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ wọn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti rán an. Ṣé kí n wá fi eré kọjá níwájú wọn? Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà." "Káàárọ̀ o, ìyá aránṣọ. Ṣé ẹ jí ire?" "A dúpẹ́ sà." "Bàbá ilé ńkọ́?" "Wọ́n wà sà." "Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí tó wà ní Kútọnu ńkọ́?" Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá fi máa kan agbádá tí wọ́n ní kí n bá àwọn dín ní ọwọ́, "Marchez!" ni mo máa gbọ́ lábẹ́ ìborùn mi. Mi ò tíì sáré kankan, wọ́n ti ní kí n sinmi.

Àwọn tí kò dá mi dúró, ẹ̀rù ni mo ń bà wọ́n. Oní-zem, ọlọ́kadà wa níbí, á rọra sún mọ́ mi, á ní ibo ni mò ń lọ tí mo ń kánjú báyìí, kí n gun òun. Obìnrin tó ń ta epo kpayo (epo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà létí títì) níkòríta rí mi lókèèrè tí mò ń bọ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó sọ ọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ohun tó ń lé mi ti sún mọ́ tòsí. Ní ti ìyá ọkọ mi, òwe ni wọ́n fi ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà: àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Mo ní kò séjò, màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń sáré láàárín ìlú, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ẹ kì í di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú àdúgbò, tí ètò kì í sì í bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́? Nǹkan kejì, mo ti yọjú wo ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀mẹta, ìrìn ìṣẹ́jú 3 láàárín. Ọjọ́ kejì, ìṣẹ́jú 8 lẹ́ẹ̀mejì, ìrìn ìṣẹ́jú 5 láàárín. Ọjọ́ kẹta, ogún ìṣẹ́jú gbáko láìdúró! Láti 8 bọ́ sí 20. Ta ló ṣe irú ìṣirò yẹn? Ó tún ku ojúgun mi tó ń dùn mí, apá inú, ẹsẹ̀ méjèèjì, ọ̀tún ju òsì lọ. Bàtà pẹlẹbẹ tí mo fi ń lọ ọjà ni mo fi ń sáré.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀

Tàǹtí, ẹ kú ìgbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi yọ obìnrin yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ yín. Eré kọ́ ni wọ́n ń fi aago sá. Ní Ṣábẹ̀ níbí, ẹ jí, ẹ wo àpáta lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ sá lọ bá a, ẹ sá padà. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ dúró. Bí kò bá rẹ̀ yín, ẹ gùn ún. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kàn bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ojú irin ni, kò sẹ́ni tó ka ìṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ 9 nítorí ìdajì wákàtí? Ní ti ìkíni, ẹ ki nǹkan orin bọ etí yín méjèèjì, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Olùkọ́ Kétu

Àbúrò mi ará Ṣábẹ̀, o kú ọ̀dọ́. Ẹni tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù kiri láti kékeré, eegun rẹ̀ ti mọ eré, ó lè kàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tirẹ̀ yàtọ̀. Kí èèyàn sì di etí méjèèjì ní títì Àjàṣẹ́, tí àwọn oní-zem ń gba ọ̀tún gba òsì kọjá? Má tún fún ìyá oníyàá ní irú ìmọ̀ràn yẹn mọ́.

Aránṣọ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìlàkàkà. Eré ìdárayá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí, ó sì ti pẹ́. Ètò yín yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ará Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, ló gbé e kalẹ̀ ní 1996, ìyá rẹ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló sì torí rẹ̀ ṣe é. Ìgbà tó yá, NHS, ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbé e fún àwọn ará ìlú wọn. Ẹ ò rí i pé ètò àwọn ìyá ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọmọ òkè Ṣábẹ̀ ni wọ́n wá bá a níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ìṣirò yẹn, torí ó ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sílé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀ karùn-ún, 5 lọ́nà mẹ́ta: ìṣẹ́jú 15 lẹ sá. Ọjọ́ kejì, 8 lọ́nà méjì: 16. Ọjọ́ kẹta, 20. Ní ti ẹsẹ̀ yín, láti 16 lẹ bọ́ sí 20, kì í ṣe láti 8. Ìsinmi àárín nìkan ni wọ́n yọ kúrò, èémí ló sì nílò ìyẹn jù. Èémí ẹni tó ti ń bá a bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní ti gbó jù bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Ẹ tún ṣí ọ̀sẹ̀ kẹfà wò: wọ́n dá yín padà sí 5, ìrìn, 8, ìrìn, 5. Ẹni tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi 20 yẹn síbẹ̀ kí ẹ lè rí i pé ẹ lè ṣe é, ó sì jẹ́ kí ẹ mí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ fún yín, ẹ tún ọ̀sẹ̀ karùn-ún ṣe látòkè. Kò sí ẹni tó mú ẹgba dání.

Gbogbo àgbà tí mo rí tí ogún ìṣẹ́jú kọ̀ fún, eré rẹ̀ ló yá jù. Wọ́n á gbọ́ "Courez!", wọ́n á ta mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ife ẹ̀yẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n nínú iṣẹ́ yín: bí ọmọ iṣẹ́ tuntun bá fi agbára tẹ ẹ̀rọ, òwú á já. Ẹ sáré débi pé ẹni tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ lè máa bá yín lọ. Ojú lè tì yín díẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Wàyí o, ìkíni. Àwa olùkọ́ eré máa ń sọ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sáré níwọ̀n tó ṣì fi lè sọ̀rọ̀. Ní tèmi, mi ò ní kí àwọn ọmọ ka tábìlì ìsọdipúpọ̀ bí wọ́n ti ń sá. Mo máa ń dúró létí ọ̀nà, màá ní kí wọ́n máa kí mi bí wọ́n ti ń kọjá. Ọmọ tó bá kí mi pé "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé dáadáa lẹ jí, ìyàwó ńkọ́" tán porogodo tí kò mí hẹlẹ, eré rẹ̀ dọ́gba. Èyí tó bá jẹ́ "Ẹ káà..." nìkan ló rí sọ, ó ń sá jù, màá ní kó rọra. Nítorí náà, ẹ kí gbogbo ẹni tí ẹ bá bá níta! Ìkíni tí ẹ pè ní wàhálà yẹn ni òṣùwọ̀n yín. Ẹ ti ọ̀ọ́kán bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn, kí ohùn yín dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú ẹsẹ̀ yín, kí ẹ tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹ ti ń kọjá, ẹ máa lọ. Àgbà tó bá rí i pé ẹ kí òun kò ní bínú. Ẹni tó fi eré kọjá láìwo ojú ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ti àwọn bíi Bàbá Àlùfáà tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá wọn bẹ́ẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi san gbèsè wọn. Ẹ má tíì tan ohùn obìnrin yẹn. Ẹ rìn la àdúgbò yín já, ẹ kúnlẹ̀ fún gbogbo ẹni tó yẹ, ẹ dáhùn ọ̀rọ̀ agbádá. (Kíkúnlẹ̀ àti dídìde fúnra rẹ̀, iṣẹ́ itan ni. Àwọn kan ń sanwó kí wọ́n lè ṣe é nílé ìdárayá.) Bí ẹ bá wá dé ibi tí ojú kò ti mọ ojú, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ àṣẹ rẹ̀. Bí ẹ bá rí àyè dé pápá Charles de Gaulle, inú àwọn tó ń sáré níbẹ̀ lẹ máa bọ́ sí, kò sẹ́ni tó máa béèrè ejò lọ́wọ́ yín.

Ojúgun yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ jókòó, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ etí eegun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìrora bá tẹ́ gbọọrọ lọ, tó sì jẹ́ pé ara tó bá ti móoru ló ń fúyẹ́, iṣan ibẹ̀ ló ń ké pé iṣẹ́ pọ̀ jù fún òun, ó ń lọ bí ẹ bá dín eré kù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú kan péré, tí orí ìka kan lè bò, tó ń dùn yín lóru tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, ẹ fi eré sílẹ̀ pátápátá, ẹ lọ rí dókítà, torí eegun lè ti fẹ́ là níbẹ̀. Èémí àti ọkàn máa ń tètè mọ iṣẹ́ tuntun; eegun àti iṣan ni kì í kánjú. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ ìsinmi fi wà láàárín, tí a kò sì gbọ́dọ̀ jí i fi sáré.

Ilẹ̀ tí ẹ ń sá lórí rẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ òkúta pavé tàbí ọ̀dà, ẹ wá ilẹ̀ lásán. Níbí, mo máa ń kó àwọn ọmọ gba ọ̀nà Àkàbà Ìdènà, ilẹ̀ pupa ni, ó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, àfi bí òjò bá ti rọ̀. Kí ẹ sì máa ṣe nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ di etí tábìlì mú, ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè kí ẹ dúró lórí ọmọ ìka, ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ tún un ṣe títí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á fi gbóná. Bí ẹ bá ń dúró de ẹ̀yinná kó ràn nínú áyọ́ọ̀nù, àkókò rẹ̀ nìyẹn.

Bàtà ọjà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ ọjà.

Agbẹ̀bí Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ ti sọ̀rọ̀. Èmi fẹ́ fi ti ẹ̀jẹ̀ kún un, torí àwọn tó ń ka èyí lè jẹ́ ẹni tí tirẹ̀ le ju ti Tàǹtí lọ.

Kí ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ ní ìgbà tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó bá dókítà sọ̀rọ̀, kó sì máa rìn ná. Bó bá kọjá 180 tàbí 110 nígbà tó jókòó jẹ́jẹ́, kò sí eré lọ́jọ́ yẹn rárá, ilé ìwòsàn ni. Ẹni tó bá ń lo oògùn kò gbọ́dọ̀ torí pé òun ti ń sáré kó dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Eré máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí èèyàn bá ń ṣe é déédéé, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Bí àyà bá ń fún yín, bí ìrora bá gba apá tàbí àgbọ̀n, bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dúró. Ẹ má wo ojú obìnrin inú fóònù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná níwọ̀nba, bí ìrìn kíákíá. Bó bá jẹ́ eré, 75 sí 150 ti tó. Tàǹtí, bí ẹ bá parí ètò yín, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mẹta, 90 nìyẹn. Ẹ ti wọlé, àní kí ẹ tó ka ìrìn tẹ́ ẹ fi ń kí Bàbá Àlùfáà.

Ẹ ṣọ́ra fún ooru ibí yìí. Omi ọ̀sà tó yí wa ká máa ń mú kí afẹ́fẹ́ tutù rinrin, òógùn kì í gbẹ lára, bí kò bá sì gbẹ, kì í mú ara tutù. Ẹ̀yìn àsùbáà tí ẹ mú yẹn dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í tíì mọ́ dáadáa, nítorí náà ẹ wọ aṣọ funfun tàbí ìborùn tó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ dípò kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí i. Nígbà ọyẹ́, bí eruku bá pọ̀, ẹ rìn, ẹ fi eré sílẹ̀, pàápàá ẹni tó ní ikọ́ fée. Bí Ràmàdáánì bá dé, ẹ sún un sí ìgbà tó bá ku díẹ̀ kí ẹ ṣínu, kí omi má jìnnà sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkùnrin kì í sọ: ẹ wá kọ́mú tó di àyà mú ṣinṣin. Aránṣọ lẹ jẹ́, ẹ lè rán an fúnra yín, kí ẹ sì rán tèmi mọ́ ọn, màá sanwó.

Ìyá ọkọ yín ńkọ́? Ẹ kí wọn fún mi. Ẹ sọ fún wọn pé Noélie Yarigo tiwa, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ẹni ọdún 38 ni nígbà tó gba ẹ̀yẹ bàbà níbi ìdíje àgbáyé ti inú gbọ̀ngàn ní Glasgow ní 2024, eré mítà 800. Kò sí ejò kankan níbẹ̀.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, mo gbọ́ ti etí dídí. Ti àpáta ni mi ò gbà. Ẹ wá sí Ṣábẹ̀ kí ẹ wá kí mi "ìyàwó ńkọ́" láìmí hẹlẹ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè.

Olùkọ́ Kétu

Ẹni tó bá ń gun òkè kì í kí èèyàn, àwọn tó wà lókè ló ń kí i pé ó kú àbọ̀. Màá wá o. Gbé omi dání dè mí.

Aránṣọ Ouando

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó padà wá, aṣọ ẹbí fún ìsìnkú kan ló gbà mí lọ́wọ́, ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e wá nígbà tó bá ku ọ̀la.

Mo tẹ ojúgun bí Olùkọ́ ṣe wí. Ó tẹ́ gbọọrọ, kì í ṣe ojú kan, kò sì dùn mí lóru. Mo padà sí ọ̀sẹ̀ kẹta kí ẹsẹ̀ lè sinmi, mo kúrò lórí pavé. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn ilé wa tí wọn ò tíì fi nǹkan kan tẹ́, ibẹ̀ ni mo ń gbà báyìí. Gbígbé gìgísẹ̀ yẹn ti wá di eré fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi; bí mo bá ti di tábìlì mú, gbogbo wọn á gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan náà, oníbàárà kan wọlé bá wa bẹ́ẹ̀, ó béèrè bóyá ìjọ tuntun la dá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàtà, torí bóyá ó máa ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Àlòkù ni mo rà, owó tuntun ò sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tà á fún mi fẹ́ fún mi ní èyí tó pupa tó ń dán, ṣùgbọ́n mo yí i padà wo ìsàlẹ̀, gìgísẹ̀ òde ti jẹ tán, ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Mo mú èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, mo fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù rẹ̀, ó wọlé, ó sì padà; ti òmíràn ti le bí igi. Mo wọ̀ ọ́ dúró níbẹ̀, mo rí i pé ìwọ̀n àtàǹpàkò kan ṣẹ́kù níwájú ọmọ ìka mi, torí ẹsẹ̀ máa ń wú bí ó bá gbóná. 5.000 sẹ́fà ló pè é, mo dín in, ó gbà. Àwọ̀ rẹ̀ ò bá nǹkan kan mu.

Ìkíni ni kí n wá sọ. Mo ń rìn fún Bàbá Àlùfáà àtàwọn yòókù, fóònù á ti wà ní pípa. Bí mo bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn, mo ń ti ọ̀ọ́kán kí ẹni tí mo bá rí. Òótọ́ lẹ sọ, ó ń dín eré mi kù fúnra rẹ̀, torí mi ò lè kí èèyàn pẹ̀lú èémí tó ń já. Iyá oní-kpayo ti mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ń lé mi, òun ló ń bá mi ka iye ìgbà tí mo bá kọjá báyìí, ó máa ń na ìka rẹ̀ sókè fi hàn mí.

Ọjọ́ kẹta ọ̀sẹ̀ karùn-ún ti kọjá. Mo sá a tán. Ọmọdékùnrin kan tó gbé wàláà rẹ̀ dání tó ń lọ sílé kéwú fẹsẹ̀ rìn kọjá lára mi, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní "Ẹ kú iṣẹ́ màmá," ó tún ń bá tirẹ̀ lọ. Mo dá a lóhùn tán pátá. Mo ṣì ń sá nígbà tó ti yà sí kọ̀rọ̀. Bí obìnrin yẹn ṣe sọ "Marchez!" báyìí, mi ò dúró lójú ẹsẹ̀, kó mọ̀ pé èmi náà lè ṣe tèmi.

Agbẹ̀bí, kọ́mú yín ti wà lórí tábìlì. Ẹ fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.

Ìyá Eléwé Kétu

Tàǹtí, ẹ kú oríire. Èmi ò ní fóònù tó ń sọ̀rọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ oníbọ́tìnì ni tèmi. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ọmọ mi ló ń ka èyí sí mi létí. Ṣé mo lè ṣe é láìsí obìnrin yẹn? Àti pé mo gbọ́ pé kìlómítà 5 ni wọ́n máa ń sá kẹ́yìn. Láti ilé wa dé oko ò tó bẹ́ẹ̀!

Olùkọ́ Kétu

Ìyá Eléwé, 5 yẹn ò gbọdọ̀ bà yín lẹ́rù. Ìdajì wákàtí ni ètò náà parí sí ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Kí èèyàn tó sá kìlómítà 5 láàárín rẹ̀, àfi kó máa fi ìṣẹ́jú 6 sá kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò sì yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 10 sá ọ̀kan á sá 3, ó ti ṣe gudugudu méje. Kí ara ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni iṣẹ́ náà.

Aránṣọ Ouando

Ìyá mi, ẹ ò nílò rẹ̀ rárá. Aago ọwọ́ tó bá ní ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá ti tó. Ẹ ní kí ọmọ yín kọ èyí sílẹ̀. Ní ọjọ́ eré kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 5 rìn. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ sáré ìṣẹ́jú 1, ẹ rin 1 ààbọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ sáré 1 ààbọ̀, ẹ rin 2, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ sáré 1 ààbọ̀, ẹ rin 1 ààbọ̀, ẹ sáré 3, ẹ rin 3, kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ sáré 3, ẹ rin 1 ààbọ̀, ẹ sáré 5, ẹ rin 2 ààbọ̀, ẹ sáré 3, ẹ rin 1 ààbọ̀, ẹ sáré 5. Ti karùn-ún wà lókè níbi tí mo ti ń ráhùn. Bí ẹ bá dé ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ pè mí, èmi náà á ti mọ bó ṣe rí. Kí ọmọ yín jókòó síbì kan pẹ̀lú aago náà, kó máa ké sí yín. Kó má pàṣẹ fún yín o, ẹ ní kó máa sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ sáré."